Mo Borí, Inú Mi Ò Dùn

Nílé géèmù tó wà ní ìkóríta àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ẹni tó bá borí kì í dákẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ogún náírà la máa ń san fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nínú Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù. Bí o bá gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, wàá fò dìde, wàá pariwo, ẹni tí o jẹ á gbé pádì fún ẹni tó kàn, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí á fi jáde. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, ooru ń mú, ẹnikẹ́ni ò bìkítà. Ohun tí mo mọ géèmù sí láti kékeré nìyẹn: kí n jẹ ọ́, kí o dìde fún mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ ohun tó ń ṣe mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa òmìrán.

Bọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbé PlayStation 2 rẹ̀ wá sílé wa nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. CD méje-mẹ́jọ ló kó sínú ọ̀rá dúdú, àdàkọ ni gbogbo wọn. Bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sára ọ̀kan: Shadow of the Colossus. Bọ̀dá ní òun ò tíì fi sí i rí, pé ẹni tó ta àwọn yòókù fún òun ló fi ìyẹn ṣe ẹ̀ènì. A rò pé géèmù ogun ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gun ẹṣin dúdú wọ ilẹ̀ kan tí èèyàn ò gbé. Ó gbé òkú ọmọbìnrin kan dání, ó tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ nínú tẹ́ńpìlì àtijọ́. Ohùn kan sọ̀rọ̀ látòkè pé bí ó bá lè pa òmìrán mẹ́rìndínlógún tó wà nílẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin yìí jí. Kí ni àwọn òmìrán náà ṣe tí ikú fi tọ́ sí wọn? Kò sẹ́ni tó sọ. Láti ìgbà náà lọ, ó ku ìwọ àti ẹṣin rẹ. O ò ní rí ìlú, o ò ní rí ọjà, kò sẹ́ni tí wàá kí, kò tiẹ̀ sí ọ̀tá kéékèèké tí wàá fi nara. Koríko ni, àti òkúta, àti adágún, àti atẹ́gùn. Bí o bá na idà rẹ sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á ṣù jọ lára rẹ̀, á máa tọ́ka sí ibi tí òmìrán tó kàn wà.

Èyí àkọ́kọ́ ga bí ilé alájà mẹ́rin-márùn-ún. Irun ara rẹ̀ ki bí koríko ẹ̀bá ọ̀nà lásìkò òjò, òkúta gbígbẹ́ bí ògiri ilé sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó kàn ń rìn lọ ní tirẹ̀. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ ń mì, tí pádì ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Bọ́tìnì kan wà tí wàá tẹ̀ láti di ara rẹ̀ mú, tí o ò sì gbọdọ̀ fi sílẹ̀. R1 ni, lábẹ́ ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún. Àmì roboto kan wà ní igun tẹlifíṣọ̀n tó ń kéré sí i bí agbára ọmọkùnrin náà ṣe ń tán. Bí òmìrán bá gbọn ara, ọmọkùnrin náà á máa fì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Bí ìka rẹ bá yẹ̀, ó di ilẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì yẹn títí tí ìka mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ọwọ́ ọmọkùnrin tó di irun òmìrán mú àti ìka èmi tí mo jókòó sórí ẹní ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mi ò tíì rí àwòrán tàbí fíìmù kankan tó ṣe ìyẹn fún mi.

Mo gún un lórí. Ó kérora. Mo tún un gún. Nígbà tí mò ń gùn ún, orin akíkanjú ló ń dún, orin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ẹni gbóná. Bó ṣe gba èyí tó pa á, orin náà dákẹ́, òmíràn bẹ̀rẹ̀, orin ọ̀fọ̀. Òmìrán náà wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rẹ̀. Nǹkan dúdú bí okùn jáde lára rẹ̀, ó wọ ara ọmọkùnrin mi, òun náà ṣubú.

Bọ̀dá ní, "O ti pa á! O jẹ́ gan-an ni!" Mi ò lè dá a lóhùn. Gbólóhùn tó wá sí mi lọ́kàn ni èyí tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò nígbà tí èèyàn ńlá bá papò dà: erin wó, àjànàkú sùn bí òkè.

Kí n tó ṣàlàyé ohun tí mo gbà gbọ́ nípa géèmù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdẹ ni wọ́n n'Ígbòho. Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà tí wọ́n gbé ìgalà kan wálé ní ìdájí, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ewé lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, wọ́n lóṣòó tì í, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ohùn wọn ò ròkè. Wọ́n ń kì í bí ẹni ń kí àlejò pàtàkì: ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀, bó ṣe ń fò kọjá nínú igbó, bí àmì funfun ara rẹ̀ ṣe tò bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kun ún. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá àgbà, ṣé òkú ẹran ń gbọ́rọ̀ ni?"

Wọ́n ní, "Èmi tí mo pa á ló yẹ kí n gbọ́."

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá dáadáa mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ Ògún tí wọ́n ń pa ẹran jẹ, àwọn náà ló ń ki erin àti ẹfọ̀n ní oríkì tó dùn ju èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí gbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ kéékèèké bo ẹran tí wọ́n pa mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tó yin ìbọn náà ló ń di ọ̀rọ̀ náà mú, a ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí géèmù yẹn sì ṣe fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó fi idà sí mi lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó gbọ́.

Fumito Ueda lorúkọ ẹni tó darí iṣẹ́ náà, ará Japan. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Osaka ló ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Géèmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ico, jáde ní 2001. Èyí tí mò ń sọ yìí jáde ní 2005. Bí ẹ bá wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ohun tó yọ kúrò ló pọ̀ ju ohun tó fi sí i lọ. Géèmù mìíràn á kó ọ̀tá rẹpẹtẹ sójú ọ̀nà, á kó owó àti ohun ìjà sínú àpótí, á fi èèyàn tó ń sọ ìtàn síbi gbogbo. Ó gé gbogbo rẹ̀ dànù, ó ṣẹ́ ku ẹṣin, ilẹ̀ gbalasa, àti ohun ńlá mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà rí mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń yọ ère jáde lára igi nìyẹn. Àáké ń gé, ère ń hàn.

Ẹṣin náà gan-an, Agro lorúkọ rẹ̀, kì í ṣe bíi mọ́tò. Bí o bá yí i sọ́tùn-ún, ó lè ṣe díẹ̀ kó tó yí. Bí ọ̀nà bá há, òun fúnra rẹ̀ á mọ ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Bọ̀dá bínú sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní pádì ti bàjẹ́. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Ó tó wákàtí bíi mélòó kan kó tó yé mi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, pé ohun tó bá ní ẹ̀mí kì í gbọ́ tìrẹ ní gbogbo ìgbà, àti pé ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé ibi afárá ṣáájú òmìrán ìkẹrìndínlógún, mo dá géèmù náà dúró, mo sì lọ jókòó síta. Ẹni tó bá ti ṣe é mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, mi ò ní bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo kàn lè sọ pé fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ìka mi ṣì ń wá bọ́tìnì tí mo fi máa ń pè é.

Èyí tó le jù fún mi ni ìkẹtàlá. Inú aṣálẹ̀ ló wà. Ó gùn bí ọkọ̀ ojú irin, ó ń fò lójú ọ̀run, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń rọra lù bí ìgbà tí aṣọ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Láti lè mú un, wàá ta ọfà mọ́ àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kí ó lè sọ̀ kalẹ̀, wàá wá fi ẹṣin sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yanrìn, wàá sì fò mọ́ ìyẹ́ rẹ̀. Títí tí mo fi pa á, kò gbé ọwọ́ sókè sí mi. Kò lé mi, kò ta mí, kò fi ìrù gbá mi. Ó kàn ń fò. Mo ta ọfà kan mọ́ ọn, mo sì pa PlayStation. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi tàn án. Ní ọjọ́ kẹrin mo tàn án, mo sì pa á.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé mo lè fi sílẹ̀ títí ayé. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn lé mi lórí. Àmọ́ mo fẹ́ mọ bí ìtàn náà ṣe máa parí, mo sì ti rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin inú géèmù náà ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn pátápátá, àfi pé èmi ni mo sọ ọ́ yìí, èmi tí n kò ní òkú kankan lórí pẹpẹ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Roger Ebert, ògbóǹtarìgì tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù ní Chicago, kọ ọ́ jáde pé géèmù kò lè di iṣẹ́ ọnà láé. Ọ̀kan nínú ìdí tó fi lélẹ̀ ni pé èèyàn lè borí nínú géèmù, kò sì sẹ́ni tí ń borí nínú ọnà. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn sí i. Inú ò bí mi. Nílé géèmù tiwa ní Mọ́kọ́lá, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ṣùgbọ́n kò tíì dúró níwájú òmìrán ìkẹtàlá. Mo borí, ojú tì mí. Ìborí náà gan-an ni ọgbẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà náà fẹ́ dá sí mi lára, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dá a ju pé kó jẹ́ kí n borí. Ebert fúnra rẹ̀ padà kọ̀wé ní oṣù keje ọdún yẹn pé kò yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òun ò fẹ́ fọwọ́ kàn. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Àgbà tó lè sọ báyìí ò wọ́pọ̀.

Èyí tó pa mí lára wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sún mọ́ mi jù ú lọ. Nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, mo mú àbá iṣẹ́ àṣekágbá lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó mi. Mo fẹ́ kọ nípa ìjálá àti géèmù yìí. Wọ́n ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ jígí, wọ́n ní, "Ìwọ, àgbàlagbà, géèmù?" Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo kọ nǹkan mìíràn, mo sì yege. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé nínú gbogbo èèyàn, a ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣàjèjì sí.

Ẹ wo àlọ́. Ìyá àgbà á ní, "Ààlọ́ o!" Bí a ò bá dáhùn "Ààlọ̀!", kò ní sí àlọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí orin bá dé inú ìtàn tí ẹ̀gbè wa sì tutù, wọ́n á dúró, ìjàpá á wà lórí igi níbẹ̀ títí a ó fi gbé e dáadáa. Onílù tó ń ki ọ́ lóde ìnáwó ń retí kí o gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀kú eégún tí wọ́n so kọ́ sínú gíláàsì ní mùsíọ́mù òyìnbó, aṣọ ni, eégún ò sí nínú rẹ̀. Ọpọ́n ayò tí wọ́n gbẹ́ tí ó rẹwà, tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri, ihò méjìlá rẹ̀ ṣófo. Ibi tí ọnà náà wà ni ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta tó ń dún kọ́kọ́kọ́, àti ọ̀ta tó ń fi orin bú ọ̀pẹ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ wa, ọnà ti ń bèèrè ọwọ́ àti ẹnu ẹni tó ń wò ó kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ta ló kọ́ wa pé ohun tí a bá ń fi ọwọ́ kàn ò lè jẹ́ ọnà?

Mùsíọ́mù Museum of Modern Art ní New York ra géèmù mẹ́rìnlá sínú àkójọ rẹ̀ ní 2012, Tetris àti Pac-Man wà nínú wọn. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà náà ti sọ ní ọdún kan ṣáájú pé ẹ̀tọ́ tí òfin fún ìwé àti eré orí ìtàgé, ó tọ́ sí géèmù pẹ̀lú. Àmọ́ mi ò gbára lé wọn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù báyìí ni ti ilé. Ní 2020, wọ́n fi Yemọja sínú Smite, géèmù ìjà kan tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe, wọ́n tiẹ̀ pe agbára tó fi ń jà ní "Omi". Mo tọ́ ọ wò, ó wù mí láti rí i, mo sì tún rí i pé ìjà náà ni yóò jà bí àwọn òrìṣà ilẹ̀ mìíràn tó wà níbẹ̀. Aṣọ ló yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ń ṣiṣẹ́. Maliyo Games ti wà l'Ékòó láti 2012, eré kéékèèké inú fóònù sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, Abubakar Salim, òṣèré tí ìdílé rẹ̀ wá láti Kenya sí Britain, gbé Tales of Kenzera: Zau jáde nítorí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó lo ìtàn àwọn Bantu láti fi ṣọ̀fọ̀. Ohun tí mò ń retí láti ọ̀dọ̀ tiwa nìyẹn, géèmù tó máa ki ohun tí a pa, tó máa gbé ẹ̀gbè rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, tó máa mọ̀ pé ẹni tó di pádì mú náà gbọ́dọ̀ dáhùn.

Lára mẹ́rìnlá tó wà ní New York yẹn, ọ̀kan wà tó jẹ́ Passage. Jason Rohrer ló ṣe é ní 2007, ọ̀fẹ́ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló ń gbà. Ojú àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) 100 ní ìbú, 16 ní gíga. Ọkùnrin kékeré kan ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, bó ṣe ń rìn ló ń dàgbà. Lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ iwájú ló pọ̀ lójú rẹ̀, ó ṣú bàìbàì. Bó bá di àgbà, ó ti sún dé etí ọ̀tún, ẹ̀yìn ló wá pọ̀. Bó bá fara kan obìnrin kan tó pàdé nítòsí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jọ máa rìn. Ọ̀nà tóóró tí ọkùnrin kan ṣoṣo lè gbà, àwọn méjèèjì ò lè gbà á mọ́, àpótí ìṣúra tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bọ́ nìyẹn.

Ọdún kejì tí bàbá mi kú, mo gbé kọ̀ǹpútà mi síwájú Màmá nínú pálọ̀, mo ní kí wọ́n wò ó. Wọn ò fẹ́ràn géèmù. Àwọn ni wọ́n máa ń wá fi ìgbálẹ̀ lé mi jáde nílé géèmù. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wò. Mo mú ìyàwó, a jọ ń rìn. Irun wọn ń funfun. Màmá ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá obìnrin náà kú lójijì, òkúta sàréè kékeré ló kù, ọkùnrin náà tẹ̀, ìrìn rẹ̀ wá lọ́ra. Mò ń tì í lọ síwájú.

Màmá ní, "Ibo lò ń gbé e lọ?"

Mo ní, "Iwájú ni, Mà. Bó bá ń lọ, máàkì á máa pọ̀ sí i."

"Ta ló bi ọ́ léèrè máàkì? Dá a padà. Jẹ́ kó lọ dúró tì í."

Mo dá a padà. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, mo sì gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Àwa méjèèjì wò ó bó ṣe dúró síbẹ̀. Orin kékeré náà ń lọ, fáànù òrùlé ń yí, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ níta. Ó dúró síbẹ̀ títí òun náà fi di òkúta, méjèèjì wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Màmá fi etí aṣọ nu ojú wọn. Wọ́n wá fa kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ ara wọn lórí tábìlì, wọ́n ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀, kí n fi bọ́tìnì tí wọ́n á máa tẹ̀ han àwọn. Wọ́n ò wo ibi tí àpótí kankan wà. Wọ́n ní, "Ibo lo ní ìyàwó rẹ̀ dúró sí?"